Ìrẹsì Tó Há sínú Fóònù

Àrẹ̀mọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ìyàwó wa ń gbádùn, ṣé ọkọ mi kékeré ń jẹun? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín o, àìsàn ò ní mọ ilé yín. Àwa náà wà bẹ́ẹ̀ ṣáá. Àbúrò rẹ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan lọ sílé ọkọ rẹ̀, èyí tó kù ń já òwú lójoojúmọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé.

Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi. O mọ̀ pé èdè Kòríà ti ìyá rẹ̀ nìkan lọmọ yẹn gbọ́, bí mo bá kí i nínú fóònù tí à ń rí ara wa, á kàn máa wò mí bí ẹni ń wo ògiri. Ni mo bá lọ bá ìyàwó oníbúrẹ́dì tó máa ń wo fíìmù wọn, mo ní kó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní bápù ni wọ́n ń pe ìrẹsì tó ti jinná, òun náà ni wọ́n ń pe oúnjẹ, bí wọ́n bá sì fẹ́ràn èèyàn, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹ bápù. Mo ní ẹ ò rí i, èèyàn gidi ni wọ́n. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń pè é nídìí ẹ̀rọ, bápù, bápù, títí mo fi rán ọrùn ẹ̀wù oníbàárà pa.

Ọjọ́ tí o pè, mo wọ aṣọ tuntun, mo gbé fóònù ti ara ẹ̀rọ, mo bi í, bápù? Ó rẹ́rìn-ín! Ó sáré gbé abọ́ rẹ̀ wá, ó bu ṣíbí kan, ó nà án sí mi. Èmi náà tẹ́wọ́ méjèèjì, torí mo rò pé bí owó bá lè gba inú fóònù dé ọ̀dọ̀ mi, ìrẹsì náà á lè gbà á. Kò dé. Ó tì í, ó tún tì í, ọbẹ̀ dà sí i, ó bú sẹ́kún, fóònù sì ṣú.

Oṣù mẹ́ta rèé. Bí mo bá pè yín, obìnrin kan ló ń gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ nígbà gbogbo, pé ẹ ò sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún ọmọ pé mi ò kọ oúnjẹ rẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo gbé fóònù tèmi lọ bá atúnfóònùṣe, mo ní kó tú u wò bóyá ìrẹsì náà há síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà tó rí omi lójú mi, ó tú u. Ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun náà ni mo fi pa ọmọ lẹ́kún. Ojú mi ọ̀tún ti lọ, nọ́ọ̀sì ní òsì náà ò ní pẹ́ tẹ̀lé e, mi ò mọ̀ bóyá màá tún rí ẹ̀rín yẹn láyé.

Owó tí mo máa ń tọrọ, fi í sílẹ̀ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan ni kí o fi ránṣẹ́. Bi ìyàwó wa léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ pé mo ti yó. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí n lè tètè rí i kà.

Oúnjẹ ò ní wọ́n nílé yín láéláé.

Ìyá rẹ, tó ṣì tẹ́wọ́.