Naomi Adédoyin, Ìyá Tó Lọ Bá Ẹdun Gbé Ní Ùgáńdà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1949, ní Ìlórò-Èkìtì, ni a bí ìyá wa, Ọ̀mọ̀wé Naomi Adédoyin, sí ìdílé Pa Moses Fálúsì, àgbẹ̀ kòkó àti alàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ìbejì ni ìyá tó bí wọn, nítorí náà wọn kì í jẹ ẹdun nílé wọn. Gbogbo ilé ló ń ki ẹdun, ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá béèrè bí ọwọ́ ẹran náà ṣe rí, kò sí ẹni tó lè sọ. Wọ́n tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ọdẹ kan ní Ẹ̀fọ̀n tó fi ọwọ́ ẹdun gbígbẹ hàn wọ́n: ìka mẹ́rin, kò sí àtàǹpàkò. Wọ́n máa ń sọ pé láti ọjọ́ náà ni àwọn ò ti gba àgbọ́sọ gbọ́ mọ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlórò lọ́dún 1955, wọ́n ka ìwé mẹ́wàá ní Ìjerò, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973, wọ́n di olùkọ́ ní Àrámọkọ. Àwọn tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe ní kí kíláàsì odindi jókòó ti ilé ìkamùdù kan fún wákàtí kan gbáko, láìsọ̀rọ̀. Lọ́dún 1975, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Stephen Adédoyin, olùkọ́ ìṣirò, ọmọ Ìjerò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Bọ́látitó, Ìfẹ́dayọ̀ àti Francis.

Ní 1988, Màmá rí àyè lọ ṣèwádìí nípa ẹdun nínú igbó ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn Ùgáńdà. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n sọ fún Bàbá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lò. Lọ́dọọdún, wọ́n á wálé wá ṣe Kérésìmesì, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tún gbéra. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Francis nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, àbúrò Màmá, Màmá Martha, ló sì tọ́ ọ dàgbà. A ò ní torí pé ọjọ́ òkú ni ká fi í pamọ́: ó dùn wá.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò pariwo. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Màmá á jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú agboòrùn àti ìwé kékeré kan. Bí ẹdun bá yọ, wọ́n á kọ aago tó dé, ẹ̀ka tó jókòó lé, ohun tó jẹ àti aago tó lọ. Àwọn ni wọ́n sọ fún wa pé funfun báláú ni wọ́n ń bí ọmọ ẹdun, àti pé gbogbo obìnrin inú agbo ló ń gbà á gbé, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n Èkìtì ni wọ́n fi kọ ìwé inú igbó, nítorí wọ́n ní ohun tí àwọn ń wò kì í dúró de ẹni tó ń túmọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lọ́dún 2005, Ìlórò ni wọ́n padà sí. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ ka ẹyẹ ní Ìkọ̀gọ̀sì, wọ́n ń bá àwọn ọdẹ sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í pa ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá jẹ. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pásítọ̀ ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ka àdán inú àjà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìwàásù. Bàbá wa sùn nínú Olúwa lọ́dún 2011. Màmá tẹ̀lé wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.

Ikú wọn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo igbó náà ní Ùgáńdà. Àwọn kan fẹ́ gé lára rẹ̀ láti fi gbin tíì, kò sì sí àkọsílẹ̀ mìíràn tó fi iye ẹdun tó ń gbé ibẹ̀ hàn àfi ìwé Màmá. Àwọn tó kọ lẹ́tà bẹ̀ wá pé ká kó o wá, ká sì bá wọn kà á. Francis kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ìwé wọ̀nyí ló gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Ẹ kó wọn sínú pósí, kí wọ́n jọ máa lọ." Ẹbí jókòó lé e, a sì fẹnu kò pé kò ní sí ohun tó máa wọ pósí láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ kà á.

Ìwé mọ́kànlélógójì ni. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kà á nínú pálọ̀ Ìlórò. Orúkọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà èwe wọn ni Màmá fi sọ àwọn ẹdun náà. A kà á pé Bàbá Akínwálé, ọ̀gá akọrin, lé Elizabeth kúrò lórí ẹ̀ka. Pé Martha jí èso jẹ. Màmá Martha pa àtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi lẹ wá sọ di ẹran ugbó yìí!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Francis kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń wá, kò sì rí i.

Nínú ìwé kejìlá la ti rí ìdí rẹ̀. Idì ti gbé Elizabeth lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni Màmá kọ pé: "Ẹni tí mo bá sọ lórúkọ, èmi náà ni mo máa kọ ikú rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní sọ ọ̀kankan lórúkọ ọmọ mi láé." Francis gbọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń mú ọmọ lọ sí iléèwé.

Ìwé kọkànlélógójì kò ní ẹdun kankan nínú. Ìlórò ni wọ́n ti kọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. "Bọ́látitó dé, aago mẹ́sàn-án. Ó jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ó jẹ ẹ̀bà. Ó ń kọrin." "Ìfẹ́dayọ̀ pè, kò wá. Ohùn rẹ̀ há." Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa yà níbẹ̀ fún ogún ọdún ló wà nínú rẹ̀. Ti Francis ló pọ̀ jù, òun tó rò pé òun kì í sábà wá. Èyí tó kà kẹ́yìn rèé: "Francis dé, aago mẹ́wàá. Ó bá mi tún fèrèsé ṣe. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi wálé. Ó lọ, aago méjì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wá." Ó pa ìwé náà dé, ó sì sunkún kíkan níṣojú gbogbo wa.

Màmá fi àbúrò wọn, Màmá Martha, sílẹ̀ sáyé. Ọmọ mẹ́ta, Bọ́látitó, Ìfẹ́dayọ̀ àti Francis. Àti ọmọ ọmọ mẹ́rin, Túnmiṣe, Glory, Ìmọ́lẹ̀ àti Àdúràolúwa.

Francis fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ogójì ìwé lọ sí Ùgáńdà lóṣù tó ń bọ̀, yóò sì jókòó kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣe ìkọkànlélógójì ti wà nílé rẹ̀, lábẹ́ ìrọ̀rí.

Naomi ọmọ Fálúsì, kí ilẹ̀ Ìlórò rọ̀ yín lára. Ẹ sùn re o, Màmá. A ti kà á.