Bí Èmi àti Bùrọ̀dá Lucius Ṣe Fi Mọ́tò Sáré Ìje Lórí Àga Tí Wọ́n Ti Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Tillery,
                                        Detroit, Michigan.
                                        Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kejìlá, ọdún 2006.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Dorthea,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Georgia, àbí ẹ ṣì ń jókòó ní gbàgede bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ràn yín jù wá lọ? Níbí, yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ilé.

Ara mi le, má dààmú. Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì ń lọ sínú ẹ̀rọ, ó sì ń padà wá bá mi, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Kíndìnrín mi ló fẹ̀yìn tì, èmi kò tíì fẹ̀yìn tì.

O bi mí lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú pé kí ló ṣe ohùn mi. Rochelle ọmọ mi jókòó tì mí ni, ìyẹn ni mi ò fi lè sọ ọ́. Jẹ́ kí n wá kọ ọ́.

O rántí ẹ̀rọ géèmù kékeré tí Rochelle rà fún mi lọ́jọ́ ìbí mi, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, kí n lè máa fi pa wákàtí mẹ́rin yẹn. Eré ìje mọ́tò ìgboro ló wà nínú rẹ̀. Wàá yan mọ́tò, wàá kùn ún ní ọ̀dà tó wù ọ́, wàá pààrọ̀ rímù, wàá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ikùn rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà wàá gbé e sójú títì. Ìlú wa yìí gan-an wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sí ilé àwókù kan ṣoṣo níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rán ìjókòó mọ́tò, ìjókòó ni mo kọ́kọ́ wá kí n pààrọ̀. Kò sí! Gbogbo nǹkan ni wọ́n rántí, wọ́n gbàgbé ibi tí ìdí ń gbé.

Àga tó kọjú sí tèmi, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa, ni Bùrọ̀dá Lucius Pettway máa ń jókòó sí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ọ̀dà ló sì kùn sára mọ́tò ní ilé iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé ọmọdé ni mo tún fẹ́ dà ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà gbé tirẹ̀ dé. Ẹ̀rọ méjèèjì lè rí ara wọn láìsí wáyà, bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sáré. Àtàǹpàkò nìkan là ń lò, torí apá tí abẹ́rẹ́ wà kò gbọdọ̀ mì. Tó bá mì pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ á figbe ta, Nọ́ọ̀sì Tamika á sì sáré wá bá wa wí bí ọmọ ilé ìwé.

Dorthea, ká ní o rí mọ́tò rẹ̀! Àwọ̀ wáìnì ni, rímù rẹ̀ ń kọ mànà, iná búlúù ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi wá àwọ̀ yẹn, torí ìyẹn ni àwọ̀ mọ́tò tí òun fi máa ń gbé Odessa, ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, mo rí i pé rímù yẹn ti kúrò. Ó pẹ́ díẹ̀, iná abẹ́ rẹ̀ náà kò sí mọ́. Ní àárín oṣù Kọkànlá, mọ́tò funfun lásán ló gbé wá, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ta ló jà yín lólè?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó jà mí lólè. Mò ń palẹ̀ mọ́ ni."

Mo ní palẹ̀ mọ́ lọ síbo? Ó wá sọ fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun ti sọ fún dókítà, lẹ́yìn ọjọ́ Ìdúpẹ́ tó ń bọ̀ ní ìparí oṣù, òun kò ní wá fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kan, bóyá méjì, ó parí.

"Ta ni mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ yìí fún, Sístà? Tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo kú àbọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo ka Bíbélì fún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, àmọ́ ọkùnrin yìí ti rán ẹnu àpò tirẹ̀ pa. Ni mo bá ní, "Ẹ jẹ́ ká sáré. Tí mo bá borí, ẹ ó máa bọ̀ títí di Àjíǹde. Tí ẹ bá borí, mi ò ní sọ gbólóhùn kan mọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tó máa ń fi mọ́tò gbá òpó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn?"

"Ẹ̀rù ló ń bà yín."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ó di Sátidé, lẹ́yìn Ìdúpẹ́. Mú aṣọ ìnujú wá o."

Ọjọ́rú ni wọ́n ti fọ ẹ̀jẹ̀ wa lọ́sẹ̀ náà torí ọdún. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń gé tòlótòló, inú yàrá ni mo wà, tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń yí kọ́nà etí odò. Rochelle yọjú, ó ní, "Mọ́mì, oúnjẹ yín ń tutù!" Mo ní kó jẹ́ kó tutù. Ó wò mí bí ẹni pé kíndìnrín mi nìkan kọ́ ló bà jẹ́.

Sátidé dé. Ìyípo mẹ́ta la ní ká sá. Àwọn aláìsàn tó kù pa tẹlifíṣọ̀n wọn. Tamika dúró sáàárín wa, ó ń ṣe bí ẹni ń yẹ rọ́bà wò. Bùrọ̀dá Lucius ṣáájú mi ní ìyípo àkọ́kọ́. Abẹ́ afárá ni mo ti gbà á kọjá ní ìkejì. Ní ìkẹta, mo yí kọ́nà etí odò láìfara kan nǹkan kan, mo sì rí ìlà ìparí lọ́ọ̀ọ́kán. Inú mi dùn jù, Dorthea. Apá mi mì. Ẹ̀rọ figbe ta, mo gbójú sókè, kó tó di pé mo wolẹ̀ padà, mọ́tò mi ti wọ ògiri. Ti Bùrọ̀dá Lucius fò kọjá wìì.

Kò yọ̀. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì tì í sínú àpò. Èmi dákẹ́, torí mo ti ṣèlérí; o sì mọ bí dídákẹ́ ṣe nira fún mi tó. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé dé, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "O gbìyànjú, Sístà." Ó bá tirẹ̀ lọ. Inú mọ́tò Rochelle ni mo ti sunkún, mo purọ́ pé orí ló ń fọ́ mi. Ohùn ẹkún yẹn lo gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àga rẹ̀ ṣófo. Aago méje kọjá, ààbọ̀ kọjá. Tamika kò lè wojú mi. Ó ní wọ́n ti ní kí òun gbé ẹlòmíràn síbẹ̀ tó bá ti di aago mẹ́jọ. Mo dijú.

Mo kàn gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ta ló fẹ́ jókòó sórí àga mi?"

Yìnyín kún fìlà rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀sì rì sínú yìnyín, òun sì bá wọn tì í. Ó jókòó, ó na apá fún Tamika, ó wá ń wò mí.

"Tamika sọ fún mi pé ọmọ rẹ ní o ò jẹ tòlótòló lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, kọ́nà lò ń kọ́. O sì tún wọ ògiri."

Mo fọwọ́ bo ẹnu mi.

"Sọ̀rọ̀ nígbà náà!"

"Mo ti ṣèlérí."

"Mo dá ọ sílẹ̀."

"Kí lẹ wá ṣe níbí, Bùrọ̀dá?"

Ó gbọn yìnyín kúrò lára fìlà. "Ẹni tó ń wa mọ́tò bíi tìẹ, èèyàn ò lè fi í sílẹ̀ láyé lóun nìkan. Á pa ara ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lánàá, Ọjọ́bọ̀, ó tún wá. Kò ṣèlérí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ fún mi, mi ò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ mo ti ní kí Rochelle lọ gbé e wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá sì sọ pé ẹ kú àbọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ. Kí Àńtí Ludie fún mi, sọ fún un pé mo ń jẹun.

Èmi ni tìrẹ, lórí àga àti lórí ìdúró,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Verlene.