Mo Pa Fóònù Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Choolwe,

Mo kí yín, mo kí aya àtọmọ yín lókè òkun. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú ti rọ̀, òjò sì ti dé ní ìlú Monze níbí.

Ẹ ní ẹ pè mí títí ní Sátidé. Mo pa fóònù ni. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá mi ti ń pè mí tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá Màmá pa ẹ̀pà, tí mo sì sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní, "Mutinta, ṣé o kú ni?"

Mo ní, "Mo sinmi ni, sà. Màá tún sinmi lópin ọ̀sẹ̀ yìí."

Ó ní òun á lé mi.

Ẹ máa pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, kí n tó tún pa fóònù. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Bó bá lé mi, ẹ gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.

Àbúrò yín,
Mutinta