Bí Mo Ṣe Mú Ajá Ìyá Rẹ Lọ fún Ìjọba

Marleny ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àtẹ̀gùn ilé yín pẹ̀lú, kí Màríà Mímọ́ ti Chiquinquirá má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lórí rẹ̀. Èmi wà, mo ń mí, mo ń jẹun. Orúnkún ọ̀tún mi nìkan ló máa ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi nígbà tí òjò bá ṣú, òjò sì ń ṣú lójoojúmọ́. Ọ̀dùnkún ti yọ òdòdó. Màlúù Ubaldina aládùúgbò wa bí akọ, ó ti ń kan ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, Ubaldina ní àfàìmọ̀ kó má di olóṣèlú.

Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. O ní ikọ́ mi yìí ò dáa, pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín ní Bogotá, ṣùgbọ́n onílé yín ò gba ajá, kí n yáa mú Lucero lọ sí ilé ìtọ́jú ẹranko tí ìjọba kọ́ sí ìlú fún àwọn tí olówó wọn ò lè tọ́ mọ́. O mọ̀ pé ìyá rẹ ló tọ́ ajá náà dàgbà, abẹ́ pósí rẹ̀ ló sùn sí títí a fi gbé e jáde. Síbẹ̀ mo wẹ̀ ẹ́, mo fi kóòmù ìyá rẹ ya irun rẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì.

Ilé náà mọ́ ju ilé ìwòsàn wa lọ. Àwa tí a mú ẹran wá tò bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fáda, kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì. Obìnrin kan gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní ọmọ òun kì í lè mí dáadáa tí ológbò bá wà nílé. Mo bu arépa àgbàdo mi sí méjì fún un. Ènìyàn dáadáa ni gbogbo wọn, Marleny, ojú ló ń ti kálukú.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Deisy ló wà nídìí tábìlì. Mo fọwọ́ síbi tó ní kí n fọwọ́ sí. Ìwé kejì gùn, mo sì ti gbàgbé awò ojú mi sílé, ó wá ní kí n mú un lọ, kí n sọ ìdí tí mo fi ń fi ajá sílẹ̀, kí n dá a padà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù jáde láti ya Lucero, ó ní gbogbo ìlú ló máa rí àwòrán rẹ̀, alágbàtọ́ á sì wá. Kíá ni mo yọ fìlà, mo tún ruana, aṣọ òtútù èjìká mi, ṣe, mo dúró tì í. Deisy rọra ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe máa wá mọ ẹbí tó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mo fi Lucero sílẹ̀ níbẹ̀, mo padà sílé.

Èmi mọ ohun tí à ń pè ní alágbàtọ́. Bàbá ìsàmì ni, ẹni tí bàbá ọmọ máa ń pè ní compadre. Compadre mi Leovigildo tó gbé ọ síwájú omi ìsàmì, ṣé ó gbé ọ lọ sílé rẹ̀ ni? Ó kàn ń ra bàtà fún ọ lọ́dọọdún, ó sì ń wá bá wa jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Nítorí náà inú mi dùn pé mo máa ní compadre tuntun. Mo sun odindi adìẹ kan dání lọ́jọ́ kejì, nítorí a kì í fọwọ́ lásán pàdé ẹni tó fẹ́ bá ni tọ́mọ.

Ọkùnrin tó fẹ́ gba Lucero dé tòun ti ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré. Aago ló ń tún ṣe, ojú rẹ̀ sì tutù. Lucero lá ọmọ náà lójú, mo ní ó ti parí. Mo gbé adìẹ fún un, mo pè é ní compadre, mo bi í pé ṣé kí n máa wá lọ́jọ́ Ìsinmi ni àbí òun ni yóò máa mú ajá wá kí mi. Ọkùnrin náà wo Deisy, Deisy wo ilẹ̀. Deisy ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ti mú un lọ, a ò ní lè sọ ibi tó wà fún yín. Mo ní bàbá ìsàmì wo ló ń fi ọmọ pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó ní tibí ò rí bẹ́ẹ̀, kí n sáà fún òun ní ìwé kejì yẹn, ìyẹn nìkan ló kù.

Mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i, ilé ti dákẹ́ jù fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo wọ awò ojú mi níbẹ̀. Àwọn ìdí ti wà nílẹ̀, kí n kàn fàlà sí èyí tó bá jẹ́. Ó ti darúgbó. Kò sí àyè fún un nílé. Ó ń ṣàìsàn, oògùn rẹ̀ sì wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò máa wò ó. Mo wá Lucero títí nínú wọn, mi ò rí i, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ara rẹ̀ le bí ọta. Èmi ni mo ń rí. Mo dá ìwé padà, mo ní ọmọ mi, ti àwọn bàbá lo fún mi, bá mi wá ti ajá. Deisy ní ti ajá náà nìyẹn. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó nu ojú, ó wá fa ìwé tí mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí yọ, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ìdí ò sí, ajá ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi.

Bí mo ṣe ń mú Lucero padà lọ sílé, ọmọ kékeré náà sunkún, ó dùn mí gan-an. Mo ní kí wọ́n wá jẹ ọ̀dùnkún lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n sì wá, bàbá rẹ̀ ti ń pè mí ní compadre fúnra rẹ̀.

Mi ò ní lè wá sí Bogotá mọ́, Marleny. Mi ò bínú sí ọ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi pè mí. Ẹ̀rù ìwé kejì yẹn ló bà mí. Ìwọ ni kó o máa wá wò mí, ìwọ àti ọkọ rẹ, onílé tèmi ò lòdì sí ẹnikẹ́ni.

Jọ̀ọ́, fi owó abẹ́rẹ́ Lucero ránṣẹ́, àti díẹ̀ fún oògùn ikọ́ mi. Kó má pọ̀ o, nítorí oògùn tó wọ́n wà lára àwọn ìdí.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Wàá bímọ, ilé rẹ á gbòòrò, àwọn ọmọ rẹ á sì rí àyè fún ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Eustorgio