Ẹ Fi Ìjókòó Ṣáájú Bùtíìkì Nínú Gáràjì Tuntun Pobẹ̀

Agboolé Ládiípọ̀,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Pobẹ̀.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1964.

Ọ̀gá Àgbà Sú-pẹrẹfẹ́ (Alákòóso Àgbègbè),
Búrò Ìjọba,
Pobẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀWÒRÁN GÁRÀJÌ TUNTUN, ÀTI BÍ ỌMỌ MI ṢE DÁ LỌ SÍ SAKÉTÉ

1. Orúkọ mi ni Edwige Ládiípọ̀. Mo kàwé dé ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Àjàṣẹ́ kí n tó lọ́kọ. Marcel ọkọ mi ń ṣe tíṣà ní Sakété. Yàrá tí wọ́n fún un níbẹ̀ kò gbà ju ibùsùn rẹ̀ àti ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Pobẹ̀ ni èmi àti Jádesọ́lá ọmọ wa ń gbé. Òun kò lè máa wá, nítorí pé wọ́n ń kàwé láàárọ̀ Sátidé, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn akọrin ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Àwa là ń wọkọ̀ lọ kí i ní gbogbo Sátidé. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ẹni tí kò mọ gáràjì ló ń ba yín sọ̀rọ̀ gáràjì.

2. Mo ti rí àwòrán gáràjì tuntun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri búrò yín, mo sì kí yín kú iṣẹ́. Gáràjì wa ti kún jù. Ó dà bí ẹni pé ọjọ́ tí a gba òmìnira ni gbogbo mọ́tò Dàhómì náà gba tiwọn, tí wọ́n sì wá fi Pobẹ̀ ṣe ilé. Mo ka bùtíìkì ìtajà ọgbọ̀n nínú àwòrán náà. Mo rí ilé ọtí, mo rí ilé epo, mo rí ibi tí a ó gbin òdòdó sí. Mo wá ibi tí ènìyàn lè jókòó sí, n kò rí i. Mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tún un wò, n kò rí i síbẹ̀. Nígbà tí mo bi akọ̀wé yín, ó ní ibi òdòdó náà ní etí, pé ẹni tó bá rẹ̀ lè fìdí lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀ lè má mọ̀. Nínú gáràjì Pobẹ̀, kò sí ìjókòó kankan àfi èyí tó wà nínú ọkọ̀, kò sì sí ìbòji kankan àfi abẹ́ tapólì tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ báṣé. Nítorí náà, ẹni tó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí. Ẹni tó ra iṣu tí kò rí ẹni bá a rù ú, inú ọkọ̀ ni. Àwọn àgbà méjì kan wà tí wọ́n ń jà lórí ààlà oko ní Igana. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bá ìjà náà lọ, nítorí pé oòrùn kì í jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa ní ìta. Bí ẹ bá rí báṣé Sakété tó kún fọ́fọ́, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ dúró kí mọ́tò wúkọ́ ná. Bó bá ti wúkọ́, ìdajì èrò yóò bọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì máa kí awakọ̀ pé ó dàbọ̀, ọ̀nà á dára o.

4. Àṣà wa kan sì tún wà níbẹ̀. Obìnrin tó ní ẹrù, tó tún ní ọmọ, ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ ló máa ń na ọmọ sí, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè di ẹrù. Kò sí ẹni tó ń kọ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe èmi náà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ìwé mi yìí ṣòfin lé àṣà náà lórí.

5. Ní Sátidé tó kọjá, mo na Jádesọ́lá sí Màmá Fálúyì, ìyá àgbà tó ń ta ọṣẹ dúdú, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà báṣé Séverin, awakọ̀ Sakété. Màmá gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n ń pè é ní ìyàwó kékeré. Mo bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láti so gàrí àti ẹ̀wà ọkọ mi. Àwọn tó ń tajà ti sún mọ́ ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé inú ìsọ̀ ẹlẹ́ní ni ẹ̀yìn báṣé Séverin wà. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà, orí ẹní ni yóò gbà, ẹlẹ́ní yóò sì ní kó bọ́ bàtà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bàtà ni mo ń bọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò wúkọ́.

6. Mo ti ro ohun tó tẹ̀lé e títí, n kò rí ẹnì kan tó hùwà búburú níbẹ̀. Àwọn tó kàn wá jókòó bọ́ sílẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n sì dí mi lọ́nà. Màmá Fálúyì náà fẹ́ bọ́ sílẹ̀, nítorí pé wọn kò lọ síbì kankan. Wọ́n wo ọmọ ọwọ́ wọn, wọ́n rò ó pé èrò Sakété ni èyí ní tirẹ̀, kò sì yẹ kí àwọn mú èrò kúrò nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ Rébecca, obìnrin tó jókòó tẹ̀lé wọn, tó ń lọ Sakété ní tòótọ́. Rébecca rò pé iwájú ni ìyá ọmọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Séverin bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ó gbà pé gbogbo nǹkan ló pé. Ó gbéra. Ọmọ tí kò tíì lè rìn wá ń rìnrìn àjò, ìyá tó lẹ́sẹ̀ méjì sì dúró sórí ẹní, bàtà kan lọ́wọ́.

7. Mo sáré, mo ké. Alphonse tó ń pe èrò fẹ́ tù mí nínú, ó ní, "Màdáámù, ẹ fara balẹ̀, ó kàn ṣáájú yín lọ ni." N kò tíì dárí ọ̀rọ̀ náà jì í. Ó fi mí sínú ọkọ̀ tó kàn, ti Firmin, èyí tó kún débi pé ẹsẹ̀ ń yọ síta lábẹ́ tapólì. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Firmin kò lọ. Ó ní òun ń dúró kó kún. Mo ní ṣebí ó ti kún. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò. Nígbà náà ni èmi tí n kì í gbóhùn sókè láàárín àgbà dìde, mo kígbe pé: "Ẹni tó bá ń lọ Sakété lódodo, kó na ọwọ́ sókè!" Ọwọ́ méjì ló yọ. Ọ̀kan jẹ́ tèmi.

8. Ojú ti àwọn yòókù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sílẹ̀. Ìyẹn tún wá burú jù, nítorí pé Firmin kì í gbé òfìfo. Inú bí mi sí Màmá Fálúyì tí wọ́n dúró sílẹ̀, tí wọ́n káwọ́ lérí. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí àgbà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá nínú ọkọ̀ nígbà tí wọn kò lọ síbì kan. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, inú oòrùn ni o fẹ́ kí n ti máa yan ara mi bí àgbàdo?" Wọ́n gbé igbá ọṣẹ wọn, wọ́n padà wọ inú ọkọ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń jókòó sínú ọkọ̀ Sakété, àwọn kò tíì fojú kan Sakété rí, ẹ jẹ́ kí àwọn lọ wò ó. Wọ́n yọ orí síta, wọ́n ké sí àwọn tó kù pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ìbòji nínú ọkọ̀ yìí rí, kó tètè wọlé. Gbogbo wọn sì wọlé lóòótọ́. Ẹni tó ra iṣu gbé iṣu rẹ̀ dání. Àwọn oníjà ààlà jókòó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Mọ́tò wúkọ́, ẹnì kankan kò bọ́ sílẹ̀. Firmin bojú wẹ̀yìn, ó tún un wò, bóyá ọkọ̀ ẹlòmíràn ni.

9. Gáràjì Sakété kò sàn ju tiwa lọ. Rébecca kò rí ibi tó lè gbé ọmọ ọlọ́mọ jókòó dè mí. Ó jókòó síbi tó rí, ìyẹn inú báṣé Séverin kan náà, èyí tó ti kọjú sí Pobẹ̀ tó sì ń gba èrò àbọ̀. Bí a ṣe ń wọ gáràjì ni mo gbọ́ tí mọ́tò Séverin wúkọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ó ku díẹ̀ kí ọmọ mi máa padà sí Pobẹ̀ bí èmi ṣe ń dé Sakété. Bóyá títí dòní à bá ṣì máa pàdé ara wa lójú ọ̀nà. Gbogbo èrò Firmin pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníjà ààlà ló kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ dúró síwájú mọ́tò Séverin, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ ara wọn. Rébecca na ọmọ sí mi láti abẹ́ tapólì. Àkàrà wà lẹ́nu ọmọ. Kò sunkún rárá. Ìgbà tó rí mi ló tó bẹ̀rẹ̀.

10. Kí n tó dé yàrá ọkọ mi, ó ti gbọ́, nítorí pé ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kún gáràjì náà. Kò bá mi jà. Ó kàn ní Jádesọ́lá kò gbọdọ̀ dé gáràjì mọ́, àyàfi bí wọ́n bá tún un ṣe. Ọ̀túnla ni Sátidé. Ọmọ ṣì ń mu ọmú. Bí mo bá lọ kí ọkọ, ebi ni mo fi ọmọ sílẹ̀ fún. Bí mo bá dúró ti ọmọ, baba rẹ̀ yóò di fọ́tò ara ògiri. Eyín kan yọ lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo yọ̀, mo sì sunkún, nítorí pé gbogbo agboolé ló rí eyín náà àfi baba rẹ̀. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi, Ọ̀gá. Àlàyé ni ìyókù.

11. Mo gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ni àwọn mọlémọlé yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ bùtíìkì. Kí wọ́n tó gbé ọkọ́, mo bẹ̀ yín pé kí àtíbàbà kan tó gùn, tó ní àga gbọọrọ, kọ́kọ́ wà láàárín. Kí bùtíìkì yí i ká. Kí ọ̀nà ẹsẹ̀ wà láàárín ọkọ̀ àti ọjà, èyí tí obìnrin tó ru ẹrù tó sì pọn ọmọ lè gbà láìbọ́ bàtà. Kí ẹlẹ́ní ní ìsọ̀ tirẹ̀, nítorí pé òun náà bá mi sunkún lọ́jọ́ náà, kí Màmá Fálúyì sì rí igun kan gbé igbá ọṣẹ kalẹ̀. Àwọn tó ti sanwó bùtíìkì kò ní pàdánù: ẹni tó jókòó ló ń rajà, ẹrù ni ẹni tó wà lórí ìdúró ń ṣọ́. Bí ààyè kò bá tó, ẹ yọ òdòdó kúrò. Bí kò bá tó síbẹ̀, ẹ yọ ilé ọtí. Àwọn awakọ̀ wa kò nílò ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀.

12. Ohun kan ló kù, ẹ má sì bínú sí mi. Ní oṣù tó kọjá tí ẹ wá wo ilẹ̀ gáràjì, oòrùn mú gan-an. Wọ́n wá àga fún yín káàkiri, wọn kò rí. Ẹ wọ inú báṣé Séverin, ẹ ṣí fìlà, ẹ ń fi àwòrán náà fẹ́ atẹ́gùn sí ara yín. Èmi ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ, n kò sì dá yín mọ̀. Mo rí bàbá kan tó fara balẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, inú mi dùn pé ọkọ̀ ti ń kún. Mo ti tú ọ̀já, mo ti ń na ọmọ bọ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, kí Alphonse tó fà mí sẹ́yìn pé Ọ̀gá ni. Láti Sátidé ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀ bá gbà á, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kọ̀. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá wúkọ́ nígbà náà, Ọ̀gá mi, ta ni ẹ̀ bá na Jádesọ́lá sí?

Ẹ ṣeun. Mo ń retí ohùn yín kí ọjọ́ Ajé tó kò.

Èmi ni tiyín, tó ṣì wà lórí ìdúró,

Edwige Ládiípọ̀
(Ìyá Jádesọ́lá, èrò Sakété)