Ọkùnrin Tí Kì Í Jágbe

Sátidé, Oṣù Kẹwàá 1962

Sinimá tí èmi àti Ràfíátù ìyàwó mi lọ wò lọ́sàn-án òní kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin kan ń dá ìyàwó rẹ̀ lóró nínú ilé, àmọ́ kò jágbe mọ́ ọn rárá. Ṣe ló ń bó ọsàn fún un, tó ń rẹ́rìn-ín. Òṣèré yẹn mọṣẹ́. Ara mi bù máṣọ.

Ẹni tó darí eré náà tún gbọ́n. Kò jẹ́ ká rí ibi tí wọ́n ti lu ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ obìnrin náà ló ń fi hàn wá, bó ṣe ń gbọ̀n lórí tábìlì nígbàkigbà tí ọkọ rẹ̀ bá wọlé.

Àwọn kan kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Nígbà tó yá, gbogbo wọn dákẹ́.

A ti sọdá ojú irin Òṣòdì kí Ràfíátù tó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ní, "Bí ọkọ Àǹtí ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Èmi tí mo máa ń yin ọkùnrin yẹn pé oníwà tútù ni.

Lọ́la, a máa lọ kí wọn ní Ìsọlọ̀. Ọkọ Àǹtí á rẹ́rìn-ín sí wa bó ṣe máa ń ṣe. Mi ò ní wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí ni màá máa wò.