Odò Ti Ń Bọ̀ Lórí Sàréè Bàbá

Àtàláátà, 14 Júùnù 1955
Balùwẹ̀ ti lọ! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ jáde níbẹ̀ ni, mi ò tíì nu ara ẹ̀ gbẹ, mo gbọ́ gbìì lẹ́yìn mi. Páànù, igi, ọṣẹ, gbogbo ẹ̀ wọnú odò. Ìjì àná ni. Omi láti Ìbà, lókè odò, ya wá bá wa, ó pupa bí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń mọlé.
Ká ní mo tún un wẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fàúsátù mi. Áà.
Owólabí, ọkọ mi, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àpápá. Ó di ìparí oṣù kó tó wálé.

Àlàrùbá, 15
Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Láti etí odò dé sàréè bàbá ọkọ mi lẹ́yìn ilé — ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún. Láti sàréè dé ògiri yàrá tí èmi àti ọmọ ń sùn — mẹ́ta.

Jímọ̀, 17
Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ló kù sí sàréè.
Bàbá Bùràímọ̀ apẹja wá wò ó. Wọ́n ní ta ló gé igi ẹ̀gbà etí odò? Mo ń tún ọ̀já ọmọ so. Èmi ni. Èmi àti Màámi, ìyá ọkọ mi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí iná ẹ̀gbà ló ń jẹ́ kí ẹja yíyan pọ́n. Bàbá ní gbòǹgbò ẹ̀ ló di ilẹ̀ mú. "Ẹ tú okùn ṣòkòtò odò, ẹ wá ń pariwo pé ó já bọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín.

Àláàdì, 19
Omi ọ̀sà tí odò wa ń ṣàn sí ti di àwọ̀ ewé. Ó nípọn, ó ń rùn. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí Ògúntádé ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ kó jọ sétí odò lókè, tó fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀, ìjì gbá gbogbo ẹ̀ wá bá wa. Màámi fẹ́ ṣe àlùwàlá, wọ́n gbóòórùn omi, wọ́n dà á nù: "Ògúntádé fẹ́ kí n fi ẹlẹ́dẹ̀ kírun!"
Ẹja ń léfòó. Mo rí wọn kí wọ́n tó kú, wọ́n yanu sókè bí ẹni tí kò rí èémí mí.

Àtìní, 20
Mẹ́sàn-án. Omi kànga náà ti ń yí àwọ̀.

Àlàmísì, 23
Fàúsátù ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárọ̀ yìí. Omi kànga ni mo fi po ẹ̀kọ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo gbé e lọ bá ní omi òjò ni kí n máa sè fún un, kí n gbé e kúrò létí odò.
Mo kúnlẹ̀ fún Màámi. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sílé àbúrò yín ní Òkòkomàíkò. Wọ́n ní: "Ìyàwó, ẹni tó gbé mi níyàwó wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún odò?" Mo ní ká hú wọn, ká lọ tún wọn sin. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ló máa hú wọn? Ìwọ? Àkọ́bí wọn nìkan ló lè fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn." Kí èmi gbé ọmọ lọ ńkọ́? Wọ́n ní kí n máa lọ, pé àwọn á tẹ́ ẹní sórí sàréè.
Wọ́n sì tẹ́ ẹ.

Jímọ̀, 24
Ìṣísẹ̀ méjì. Ojú ọ̀run lápá Ìbà ti ṣú dúdú.
Mò ń ya ewé ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín. Àlàní ọlọ́kọ̀ ojú omi ń dúró, ó máa gbé e dé Àpápá. Bàbá Fàúsátù, ẹ̀yin ni àkọ́bí. Màámi ò dìde lórí ẹní. Ọmọ ò sunkún mọ́, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Mi ò lè gbé e sá kí n fi ìyá yín sílẹ̀ fún omi. Èmi ni mo gé ẹ̀gbà, ẹ nà mí tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ má dúró pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́. Ẹ mú ṣọ́bìrì dání. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu yín, wọ́n á dìde. Ẹ wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Kí òjò yìí tó dé. Ẹ máa bọ̀ báyìí báyìí.